Bí Florida bá ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ọmọ yín, Texas kò ní fún un ní òmíràn

Ìbéèrè kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwa ará Ìkòròdú tí a ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Bí ìpínlẹ̀ tí ọmọ ń gbé bá dá láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ dúró nítorí owó fáìnì tí kò san, ṣé kò lè kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kó lọ gba tuntun níbẹ̀? Tàbí kí á kúkú bá a gba ti Nàìjíríà níhìn-ín, ká fi ránṣẹ́ sí i? Rárá ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ṣùgbọ́n rárá lásán kò tó, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò tún gbọ́ ti ẹlòmíràn lọ́la, yóò sì kówó lé e lọ́wọ́.

Ó yé mi bí èrò náà ṣe wọlé sí wa lọ́kàn. Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Odogunyan lọ sí Ṣàgámù mọ̀ pé bí òun bá ti dé Ògìjó, òun ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹnu ààlà ni agbára LASTMA pin sí. Ojú yẹn la fi ń wo ti Amẹ́ríkà: fi ìpínlẹ̀ tó ń bínú sí ọ sílẹ̀, lọ sí èyí tí kò mọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wo láísẹ́ǹsì tó wà lápò awakọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. FRSC ló tẹ̀ ẹ́, ti gbogbo Nàìjíríà sì ni. Ìbáà ṣe Ìkòròdú lẹ ti ya fọ́tò, ìbáà ṣe Ṣàgámù, ibì kan náà ni wọ́n ń kó ìka ọwọ́ yín sí. Ìyẹn ni pé níbí gan-an, ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì kò parí sí Ògìjó.

Amẹ́ríkà kò ní FRSC kan tó ń tẹ láísẹ́ǹsì fún gbogbo wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, òfin wọn yàtọ̀ síra, owó wọn yàtọ̀ síra, àwọ̀ káàdì wọn pàápàá yàtọ̀. Èyí ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ìwé kan tí wọ́n jọ ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì.

National Driver Register ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1960 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú títì, èyí tí wọ́n ń pè ní NHTSA, ló sì ń bójú tó o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1982 ló sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ sí. Orúkọ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tó ní ẹjọ́ ẹni náà lọ́wọ́. Ká ní ọmọ yín jókòó síwájú òṣìṣẹ́ láísẹ́ǹsì ní Houston, ní Texas. Òṣìṣẹ́ yẹn á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ní Florida, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ Florida, Florida á sì ṣàlàyé ìyókù. Texas á wá sọ fún un pé kó lọ yanjú ìyẹn ná kó tó padà wá. Wọn kì í pariwo, wọn kì í pe ọlọ́pàá. Wọ́n á kàn dá a padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Láti ibí yìí ni àhesọ kan ti bẹ̀rẹ̀ tó yẹ ká tú palẹ̀, nítorí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ kí ènìyàn gbà á gbọ́. Wọ́n ní Georgia, Michigan àti Wisconsin kò sí nínú àdéhùn, pé ẹni tó bá kó lọ sí Atlanta ní Georgia ti bọ́. Àdéhùn wà lóòótọ́, Driver License Compact lorúkọ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀: awakọ̀ kan, láísẹ́ǹsì kan, àkọsílẹ̀ kan. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ kan fi ń fi ẹ̀ṣẹ̀ tí àlejò ṣẹ̀ lójú títì rẹ̀ tó ìpínlẹ̀ àlejò náà létí. Òótọ́ sì ni pé Georgia, Michigan àti Wisconsin kò bá wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn ọ̀tọ̀, National Driver Register ọ̀tọ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ kan nínú gbogbo àádọ́ta tó wà níta National Driver Register, olú ìlú wọn, Washington D.C., pàápàá wà níbẹ̀. Atlanta tí wọ́n ń sọ yẹn náà á tẹ orúkọ ọmọ yín wò.

Àdéhùn kejì wà tó kan àwọn ọmọ wa tó ń rìnrìn-àjò lójú títì gan-an. Nonresident Violator Compact ni, ọdún 1977 ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Ká ní Houston lọmọ ń gbé, ó wakọ̀ gba Louisiana kọjá, ọlọ́pàá Louisiana dá a dúró fún eré àsápajúdé, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó pé òun kì í ṣe ará ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àga ọkọ̀. Louisiana á kọ̀wé sí Texas, Texas tí í ṣe ilé rẹ̀ ló sì máa gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ títí yóò fi dá Louisiana lóhùn. Àdéhùn yìí kò kan tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí. Fáìnì ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó toll tí ènìyàn kò san sábà máa ń dí ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ju láísẹ́ǹsì lọ, nítorí náà bí ọmọ bá ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi í pé irú èwo ni. Ìbéèrè yẹn nìkan lè gba ìdílé lọ́wọ́ àìsùn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Florida, nítorí ìwé ibẹ̀ ni mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń wá tẹ nǹkan jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ń jókòó sí ní Sábó. Ọmọ ti ya fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, ìyá á ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde kó hàn dáadáa, ká sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ìwé pélébé ni. Orúkọ ọmọ wà lókè, àdírẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ káúńtì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì. Ojú ìyá máa ń lọ síbi owó. Èmi, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ní Florida, láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé náà ránṣẹ́, ogún ọjọ́ ni wọ́n fún ènìyàn kí láísẹ́ǹsì tó dúró. Ẹni tó bá san fáìnì náà, tàbí tó bá ilé ẹjọ́ ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò ní dúró rárá. Ọjọ́ 20 yẹn sì máa ń lọ bí eré nígbà tí ìdílé bá ń ṣe ìpàdé lórí fóònù nípa ẹni tó máa dá owó.

Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ohun tí àwọn ará Florida ń pè ní D6 ló dé yẹn. Kì í tètè parí. Kì í ṣe pé oṣù mẹ́fà á lọ, á sì di ìgbàgbé. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ ni kí ènìyàn san owó tó jẹ tàbí kó bá kọ́ọ̀tù ṣe àdéhùn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó bá ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó fara pamọ́ títí wọn yóò fi gbàgbé kò fẹ́ ire fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi ń sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni àdírẹ́sì. Ọmọ ti kó kúrò ní ilé tó ń gbé nígbà tó gba láísẹ́ǹsì, kò sì sọ fún ìjọba. Ìwé lọ sí ilé àtijọ́. Kò mọ̀ pé láísẹ́ǹsì òun kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí ọlọ́pàá fi dá a dúró nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú. Òfin Florida fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ìwakọ̀ lásán ni. Ẹni tó mọ̀ tó sì tún ń wakọ̀, ó ti di ọ̀daràn: lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n lè tó ọjọ́ 60, fáìnì lè tó 500 dọ́là, bó bá sì tún ṣe é, ó ń le sí i ni. Ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú tó dúró ṣinṣin gbọ́dọ̀ bẹ̀rù èyí ju owó fáìnì lọ, nítorí ìwé tí wọ́n ń kọ láti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá wọ́n ti mú ènìyàn rí.

Àwa tí a wà nílé kì í sábà mọ bí ìyà yìí ti tó. A rò pé bí ọmọ kò bá lè wakọ̀, á wọ ọkọ̀ èrò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Florida àti Texas, kò sí dánfó, kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó máa gbé e láti iwájú ilé dé ibi iṣẹ́ ní agogo márùn-ún ìdájí. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé, ẹni tó ń kó ẹrù fún àwọn oníbàárà, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé èrò, láísẹ́ǹsì ni iṣẹ́ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba awakọ̀ máa ń yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Owó tí kò fi rí fáìnì san tẹ́lẹ̀, kò ní iṣẹ́ tó máa fi rí i mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn aṣòfin ní àwọn ìpínlẹ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí òfin wọn padà, lójú tèmi wọ́n sì ṣe dáadáa.

California fi òpin sí gbígbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì nítorí àìsan fáìnì ní 2017. Virginia dá láísẹ́ǹsì padà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti oṣù keje 2019, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pátápátá ní 2020. Illinois kì í gbẹ́sẹ̀ lé e mọ́ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí láti 2020. New York dẹ́kun rẹ̀ ní 2021, wọ́n sì ní kí ẹni tí owó wúwo fún máa san díẹ̀díẹ̀, 25 dọ́là lóṣù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣù, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Texas pa ètò kan rẹ́ ní 2019 tó ń bu owó ọdọọdún lé awakọ̀ lórí, àmọ́ àwọn kọ́ọ̀tù ibẹ̀ ṣì lè dí ènìyàn lọ́wọ́ láti tún láísẹ́ǹsì ṣe nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, bí kò bá yọjú sí ẹjọ́ rẹ̀ tàbí tí kò sanwó. Nítorí náà, bó bá jẹ́ irú ìpínlẹ̀ tó ti yí òfin padà báyìí ló gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ọmọ yín lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, kó pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀ tí kò sì mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ. Àìsanwó ọ̀tọ̀, àìyọjú sí kọ́ọ̀tù ọ̀tọ̀. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí mo dárúkọ yìí, àwọn kan wà tí wọn kò ní fọwọ́ kan láísẹ́ǹsì rẹ nítorí pé o kò rówó san, ṣùgbọ́n tí wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e bí o bá kọ̀ láti dáhùn tíkẹ́ẹ̀tì náà rárá. New York jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá yọjú tó sọ pé òun kò ní, wọ́n á fún un láyè. Ẹni tó sá, wọ́n á gbà pé ó fojú di àwọn ni.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí àwọn òbí máa ń fẹ́ bá ọmọ ṣe níbí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ná kọ́bọ̀ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, láísẹ́ǹsì gidi kì í jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín wà níbẹ̀. Wọ́n ń béèrè nọ́ńbà NIN, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba ìka ọwọ́, onítọ̀hún ń fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kàn mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá fún ọmọ tó wà ní Tampa, ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín. Ẹ̀ẹ̀kejì, ká tilẹ̀ ní ojúlówó ni, tí ọmọ ti gbà kó tó kúrò nílé. Abala 322.30 nínú òfin Florida dárúkọ ohun tí a ń rò yìí gan-an: ẹni tí wọ́n bá ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ní Florida kò gbọdọ̀ fi láísẹ́ǹsì ibòmíràn wakọ̀ níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá a sílẹ̀. Àṣẹ láti wakọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ike káàdì. Ìwé ìwakọ̀ káríayé tí àwọn kan tún ń gbà mọ́ ọn kò yí nǹkan kan padà, nítorí ìtumọ̀ láísẹ́ǹsì tó wà nílẹ̀ ni ìwé yẹn kàn jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó bá ti ń gbé ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́. Florida fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ọjọ́ 30 láti gba láísẹ́ǹsì ibẹ̀, Texas fún un ní ọjọ́ 90. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́pàá tó bá rí láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé Houston fún ọdún mẹ́ta yóò bi í ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Bó bá sì lọ síwájú òṣìṣẹ́ láísẹ́ǹsì tó fi ti Nàìjíríà hàn wọ́n bí ẹni tí kò gba ti Amẹ́ríkà rí, ìwé tó ń kọ níbẹ̀ ń béèrè bóyá ìpínlẹ̀ kan ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bó bá kọ rárá, ó ti purọ́ sínú ìwé ìjọba. Gbèsè fáìnì ló gbé wọlé, ẹ̀sùn irọ́ ló máa gbé jáde.

Ibi tí ọ̀nà wà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀tù ni àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣì í ṣe níbẹ̀, wọ́n á lọ tò ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ló ń gba owó fáìnì. Ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní káúńtì tí wọ́n ti fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbà á. Kí ọmọ pè wọ́n, kó béèrè gbogbo ẹjọ́ tó wà lórúkọ rẹ̀, kì í ṣe èyí tó rántí nìkan, nítorí ẹni tó ní ọ̀kan sábà máa ń ní méjì. Kó béèrè iye tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti bóyá wọ́n ti gbé e fún àwọn tó ń bá wọn gba gbèsè. Ìyẹn ṣe pàtàkì ní Florida, torí owó àwọn agbowó-gbèsè yìí lè tó ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbèsè náà. Àwọn akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní ọ̀pọ̀ káúńtì Florida máa ń yan ọjọ́ kan nínú ọdún tí wọ́n ń pè ní Operation Green Light, tí wọ́n máa ń yọ owó agbowó yẹn kúrò fún ẹni tó bá wá san tàbí tó wá ṣe àdéhùn. Kó béèrè ọjọ́ rẹ̀.

Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Florida gbà pé 25 dọ́là lóṣù wà ní ìwọ̀n agbára ènìyàn, àyàfi tí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àdéhùn bá ti fìdí múlẹ̀ tó sì ti san èyí àkọ́kọ́, wọ́n lè tú láísẹ́ǹsì sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń san ìyókù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò dìgbà tí gbogbo owó bá pé. Mo ti rí ìdílé tó ń ṣe àjọ kiri láti rí gbogbo owó náà jọ, nígbà tí owó tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ ti tó bẹ̀rẹ̀ àdéhùn.

Ẹ̀rù àwọn òbí ni pé bí ọmọ bá yọjú sí kọ́ọ̀tù, wọ́n á tì í mọ́lé. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣe ìdájọ́ kan láàárín ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bearden àti ìpínlẹ̀ Georgia. Wọ́n ní adájọ́ kò gbọdọ̀ rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n torí pé kò san fáìnì láì kọ́kọ́ wádìí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni tàbí kò ní. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ̀wé pé kí wọ́n mú un nítorí pé kò yọjú, ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn, kó wá lọ́yà kó tó lọ. Àwọn lọ́yà tó ń ran tálákà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù bá gba owó tàbí àdéhùn, wọ́n á fi tó ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì Florida létí. Owó ìdápadà tún wà tí wọ́n ń gbà lọ́tọ̀, 60 dọ́là ni fún irú D6 yìí. Tó bá ti san ìyẹn, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ ní Florida, ìgbà yẹn ló tó lè lọ bá Texas. Kọ̀ǹpútà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́, nítorí náà kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ Florida pé kò jẹ àwọn ní nǹkan kan mọ́, kó mú un dání. Láísẹ́ǹsì Florida tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Texas á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ní méjì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa Yorùbá gan-an. Nígbà mìíràn, ọmọ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè á lọ gba láísẹ́ǹsì, wọ́n á sọ fún un pé ó ní ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ tí kò dé rí. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni kọ̀ǹpútà fi ń wá ènìyàn, àwọn orúkọ wa sì pọ̀ láàárín ara wa: Samuel Adébáyọ̀ mélòó ló wà láàárín Òwútù sí Ìjẹ̀dé nìkan? Bí ọjọ́ ìbí bá tún bára mu, tàbí tí àwọn méjì bá kọ January 1, wọ́n lè gbé ẹrù ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí. Kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ san owó tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Kó gba orúkọ ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kó kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi lẹ́tà dá a lóhùn pé kì í ṣe òun. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ National Driver Register fúnra rẹ̀ ohun tó wà lórúkọ òun, láìsan owó.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ibí, ẹ ṣe é, ẹnikẹ́ni ló lè bá ẹlòmíràn san fáìnì. Ẹ má fi owó náà rán ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ènìyàn ní kọ́ọ̀tù Florida. Nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ káúńtì ló ṣe pàtàkì. Pẹ̀lú méjèèjì, ẹ lè rí iye tó kù lójú ìkànnì akọ̀wé kọ́ọ̀tù káúńtì yẹn, kí ọmọ sì fi rìsíìtì hàn yín lẹ́yìn tó bá san án. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó ti ọmọ lórí fóònù nígbà tó ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì yẹn ń ṣílẹ̀kùn ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú Florida, ìyẹn jẹ́ agogo kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo méjì nígbà òtútù wọn.